"Ta ló ya fótò yìí?": Ìbéèrè tó ń jẹ owó àwọn onífótò

Àlejò wọlé, wọ́n gbé álíbọ́ọ̀mù ayẹyẹ ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún fún un pé kó máa wò ó títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Ó ṣí i dé àárín, ó dúró lórí fótò kan, ó ní: "Ìyá Bọ̀dé, ta ló ya fótò yìí fún yín? Ẹ wo bí gèlè yín ṣe yọ, àfi bíi pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀." Inú Ìyá Bọ̀dé dùn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọmọkùnrin kan báyìí ni. Àbúrò mi ló mú un wá láti Mushin. Mi ò tiẹ̀ rántí orúkọ tó ń jẹ́ mọ́." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àlejò yẹn ní ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó ní oṣù mẹ́ta sí i, owó sì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Onífótò tí iṣẹ́ ẹ̀ wù ú jókòó sí Mushin, ó ń retí oníbàárà, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá ni.

Bí èèyàn bá pàdé àwọn onífótò níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé ẹgbẹ́ wọn, ohun tí wọ́n máa ń ráhùn lé lórí kò ju mẹ́ta lọ: kámẹ́rà tó ti wọ́n ju agbára lọ, iná mànàmáná tí kò dúró, àti àwọn ọmọdé tó ń fi fóònù ya fótò lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ kámẹ́rà kọ́ ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé Ìyá Bọ̀dé yẹn. Iṣẹ́ náà dáa, oníbàárà rí i, ó sì wù ú. Ohun tó já ni okùn tó yẹ kó so fótò yẹn mọ́ ẹni tó yà á. Okùn yẹn làwọn tó kàwé nípa òwò ń pè ní bíráńdì. Lójú oníṣòwò Yorùbá, kò yẹ kó jẹ́ ohun àjèjì, nítorí láyé ijọ́un, bí wọ́n bá rí ilà lójú èèyàn, wọ́n á ti mọ ìlú tàbí ìdílé tó ti wá kó tó lanu sọ̀rọ̀. Ìdánimọ̀ iṣẹ́ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé lọ́gò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sanwó fún ọmọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò, ó máa ya àwòrán kámẹ́rà tó ní ìyẹ́, tàbí ojú kámẹ́rà róbótó kan tí wọ́n fi àwọ̀ oríṣiríṣi kùn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó, ó tán. Ẹni tó bá rìn láti Òṣòdì dé Ìyànà-Ìpájà á rí irú kámẹ́rà oníyẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ tó pọ̀ débi pé kò ní mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ilà tí gbogbo ìlú bá kọ kì í ṣe ilà mọ́.

Ó ṣeni láàánú pé àwọn onífótò àtijọ́ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ti òde òní lọ. Kí ẹni tó bá ní fótò bàbá àgbà rẹ̀ nílé yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Lára èyí tí wọ́n yà láàárín ọdún 1950 sí 1980, ọ̀pọ̀ ló ní òǹtẹ̀ lẹ́yìn: orúkọ ilé fótò, àdúgbò tó wà, ìlú tó wà. Bí òǹtẹ̀ náà bá tiẹ̀ parẹ́, àwọn àgbà ṣì lè wo aṣọ tí wọ́n kùn tí wọ́n ta sẹ́yìn, àga onígi tí wọ́n fi èèyàn jókòó lé àti ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí wọ́n sì sọ pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni wọ́n ti yà á.

Ìtàn kan wà láti orílẹ̀-èdè Mali tó yẹ kí gbogbo onífótò mọ̀. Seydou Keïta ṣí ilé fótò rẹ̀ sí Bamako lọ́dún 1948, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin. Aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ta sẹ́yìn àwọn oníbàárà. Bí ọdún méjì mẹ́ta bá ti kọjá, á pààrọ̀ aṣọ ọ̀hún sí òmíràn, débi pé nígbà tó dàgbà, aṣọ tó wà lẹ́yìn fótò ló fi ń mọ ọdún tó yà á. Ó ní bó ṣe máa ń ní kí èèyàn jókòó, kí wọ́n gbé ọwọ́ síbí, kí wọ́n dẹ orí díẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tán, á lu òǹtẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí i. Àwọn èèyàn Bamako ń wọ aṣọ tó dáa jù lọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Keïta làwọn ti ya fótò àwọn.

Lọ́dún 1991, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan fún iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà ní New York. Fótò Keïta wà lára ohun tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri. Kò sí orúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé wọn ò mọ ẹni tó yà á, pé Bamako ló ti wá. Inú fíìmù ni wọ́n ti tẹ àwọn fótò náà lákọ̀tun, òǹtẹ̀ kì í sì í wà lára fíìmù. Ọkùnrin yìí ṣì wà láàyè nígbà náà o, ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ará Faransé kan, André Magnin, ló gbéra lọ sí Bamako láti wá ẹni tó ya irú fótò bẹ́ẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, onífótò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Malick Sidibé, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Keïta. Lọ́dún 1994, wọ́n ti ń ṣe àfihàn iṣẹ́ Keïta nìkan ní Paris. Ó kú lọ́dún 2001.

Ohun méjì ló wà nínú ìtàn yìí fún onífótò tó wà ní Ìbàdàn tàbí Oǹdó. Ìkíní ni pé fótò tó bá kúrò nílé láìní orúkọ lára lè gbajúmọ̀ dé òkè òkun kí ẹni tó yà á má rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ìkejì ni pé bí orúkọ bá tiẹ̀ sọnù, bí ọwọ́ onífótò bá dá yàtọ̀, ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ náà ṣì máa wá a kàn. Ọkùnrin ará Faransé yẹn kò rí orúkọ kankan tó lè tẹ̀ lé. Fótò náà ló ń tẹ̀ lé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ tí òǹtẹ̀ fi kúrò lẹ́yìn fótò nílẹ̀ Yorùbá? Àwọn ilé tó ń fi ẹ̀rọ fọ fótò aláwọ̀ mèremère ló dé. Nígbà tí wọ́n gbòde, onífótò kò fọ fíìmù fúnra ẹ̀ mọ́, ó ń gbé e lọ síbẹ̀ ni. Àpò ìwé tí wọ́n á kó fótò sí, orúkọ Kodak tàbí Fuji ló wà níwájú ẹ̀. Bébà fótò fúnra ẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ òyìnbó ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó tún wá burú sí i nígbà tí àwọn onílé fótò gbà kí wọ́n fi ọ̀dà ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kun ṣọ́ọ̀bù àwọn. Ṣọ́ọ̀bù yẹ́lò, ti Kodak nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé, ti Fuji ni. Pátákó ńlá tó wà lókè, Kodak ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i, orúkọ ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ igun kan, lẹ́tà ẹ̀ kò tó ọmọ ìka. Ojú olówó ni wọ́n fi ń wò ó nígbà náà, torí pé pátákó ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ṣírò pé ẹni tó gba pátákó ọ̀fẹ́ ló ń san owó ìpolówó fún ẹlòmíràn, tó ń fi iwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ san án.

Àwọn òyìnbó tó ni orúkọ yẹn kò fi ti wọn ṣeré. George Eastman ló fúnra ẹ̀ hun orúkọ Kodak, tó gbé e sára kámẹ́rà lọ́dún 1888, orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan, kí ẹnikẹ́ni má baà lè sọ pé tòun ni. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí kámẹ́rà tí kò lo fíìmù gbayé, Konica Minolta kéde lọ́dún 2006 pé àwọn ń fi òwò kámẹ́rà àti fótò sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, Kodak lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ náà tún padà dìde lọ́dún 2013, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Onífótò tó ti fi ogún ọdún pe ara ẹ̀ ní Kodak ní òpópónà ẹ̀ wá rí i pé aṣọ tóun wọ̀ láti ìgbà yìí, ẹlòmíràn ló ni ín, onítọ̀hún sì ti gba aṣọ ẹ̀.

Ẹnì kan wà lásìkò yẹn kan náà tí kò wọ aṣọ aláṣọ. J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ bíbí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹdó báyìí, ti ṣiṣẹ́ fún ìjọba ní Ìbàdàn, ó ṣiṣẹ́ ní WNTV, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó, kó tó dá ilé fótò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1975. Ó sọ ọ́ ní Foto Ojeikere. Kò sí "Divine" níbẹ̀, kò sí "Classic", kò sí "International". Láti ọdún 1968 ló ti ń ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, ó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan oríṣi irun. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń yà, ní dúdú àti funfun, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn ẹ̀ tó ń dí ojú lọ́wọ́. Ó kú lọ́dún 2014. Títí dòní, bí èèyàn bá ti rí fótò kan ṣoṣo lára wọn, ó ti mọ ẹni tó yà á. Ojeikere kò ní lọ́gò oníyẹ̀ẹ́. Ohun kan náà ló dúró tì.

Ìyẹn gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Ìdánimọ̀ onífótò, inú fótò ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kó tó jáde sí ara pátákó. Àwọ̀ ara èèyàn ni wọ́n sì fi ń kọ́kọ́ dá onífótò mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni yòówù tí wọ́n bá yà, kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa fi bó o lára títí á fi pọ́n bí ẹni fi ọ̀dà kùn. Ìyàwó tó dúdú tó ń dán máa gba fótò ìgbéyàwó ẹ̀, ìyá ẹ̀ á béèrè pé ta nìyí. Àwọn mìíràn, fótò ọ̀sẹ̀ yìí pọ́n, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dúdú, ti ẹ̀yìn ìyẹn rí bí ẹni wà nínú èéfín, nítorí pé ohun tí wọ́n bá rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbìyànjú. Oníbàárà tó rí iṣẹ́ wọn lọ́dún tó kọjá tó tìtorí ẹ̀ pè wọ́n, ohun mìíràn ló máa bá lọ́wọ́ wọn. Kí onífótò mú irú ìmọ́lẹ̀ kan, irú àwọ̀ kan, irú ìdúró kan, kó sì fi ṣe tirẹ̀ fún ọdún méjì ó kéré tán, ìyẹn lágbára ju lọ́gò mẹ́wàá lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀ á gba ibòmíràn lọ, kò sì sí aburú níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Ẹni tó bá sọ ilé fótò ẹ̀ ní "God's Time Photos" ti fi ara ẹ̀ sáàárín ọ̀pọ̀ God's Time tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà tó bá ń wá a lè sanwó fún ẹlòmíràn. Orúkọ ẹni, bí ó bá ṣe é pè, sàn jù. Ẹni tó bá ń fi orúkọ mìíràn tó yàtọ̀ sí ti ara ẹ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC. Òfin ilé iṣẹ́ ti ọdún 2020 sọ bẹ́ẹ̀. Kó má sì rò pé ìyẹn ti dáàbò bo lọ́gò òun. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àmì ìdánimọ̀ ọjà l'Ábùjá ni ìyẹn wà, ọdún méje sì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún èèyàn, kó tó máa tún un ṣe ní ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Onífótò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ti Àbújá sílẹ̀ ná, kó ṣe ti CAC.

Nǹkan tó kù kò gbowó lérí. Àwọ̀ méjì péré, kí wọ́n wà lára pátákó, rìsíìtì, àpò fótò, ẹ̀yìn álíbọ́ọ̀mù àti ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà fóònù kan tí wọn kì í pààrọ̀. Òǹtẹ̀ lẹ́yìn gbogbo fótò tí wọ́n bá tẹ̀, àní títí kan fótò pásípọ́ọ̀tù, torí pé ẹni tó wá ya pásípọ́ọ̀tù lónìí lè di ìyàwó ojú ọ̀nà lọ́la. Ní ti fótò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣejù: wọ́n á kọ orúkọ wọn gbọọrọ gba àárín ojú ìyàwó kọjá, bí ẹni kọ "ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri. Oníbàárà á gé e kúrò tàbí kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ìsàlẹ̀ igun ló yẹ kó wà, kó kéré, kó sì ṣeé kà. Kámẹ́rà Canon àti Nikon tó pọ̀ jù lọ lóde ní ibi tí èèyàn lè kọ orúkọ ẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táá fi máa wọnú gbogbo fótò tó bá yà. Ọ̀pọ̀ onífótò ni kò tíì ṣí ibẹ̀ wò rí. Àmọ́ bí wọ́n bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí fótò lásán, WhatsApp máa yọ orúkọ yẹn dànù, á sì tún dín dídára fótò náà kù. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, á dúró síbẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé oníbàárà Nàìjíríà kò wo gbogbo èyí, pé iye owó nìkan ló ń wò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé òde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé máa rí onífótò mẹ́wàá, ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọn ò pè. Wọ́n ti ya àlejò, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ fótò sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni sá ata. Àlejò á wá ojú ara ẹ̀ kàn, á na owó tó bá wù ú, onífótò á sì gbà á, torí pé kò sẹ́lòmíràn tó máa ra ojú olójú. Ṣùgbọ́n ìdí tí oníbàárà fi ń wo owó nìkan níbẹ̀ ni pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n fún un wò. Fótò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jọra, bébà kan náà, kò sí òǹtẹ̀. Nílé kan náà tí àlejò yìí ń gbé, ó mọ aránṣọ tí òun kò lè fi sílẹ̀ bó tilẹ̀ wọ́n. Owó kọ́ ni kò ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá gba iṣẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀kan ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Agége, ọ̀kan l'Ábẹ́òkúta. Ó lọ sí èyí tó lówó jù, ó rán ọmọ iṣẹ́ sí méjì yòókù. Oníbàárà tó ti sanwó fún ọ̀gá rí ọmọkùnrin kan pẹ̀lú sílípáàsì lẹ́sẹ̀, inú ẹ̀ bà jẹ́. Bí ọmọ náà bá sì ṣe dáadáa, oníbàárà á béèrè nọ́ńbà ẹ̀, ọmọ náà á fún un ní tirẹ̀. Ọ̀gá á gbọ́, á pè é ní olè. Ṣùgbọ́n kí ni ọ̀gá fún un lọ́wọ́ tó lè fún oníbàárà dípò nọ́ńbà tirẹ̀? Kò fún un ní káàdì, kò fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì, kò kọ́ ọ bí ilé fótò náà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ kalẹ̀. Ó kàn fún un ní kámẹ́rà àti owó ọkọ̀ ni.

Ọ̀gá tó fẹ́ kí iṣẹ́ òun jẹ́ ọ̀kan náà ní ìlú mẹ́ta lọ́jọ́ kan, àfi kó sọ fún oníbàárà ṣáájú pé ilé fótò òun ló ń gbà, pé ẹni báyìí ló ń bọ̀. Kó wọ ọmọ iṣẹ́ náà ní aṣọ tó ní orúkọ lára, kó kó káàdì fún un, kí òun fúnra ẹ̀ sì jókòó tún fótò náà ṣe ní irú àwọ̀ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ kó tó jáde nílé. Ó sì tún yẹ kó ti bá ọmọ náà sọ ọ́ yanjú lórí orúkọ: bóyá ó lè kọ ọ́ sára pátákó tirẹ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá yìí lòun ti kọ́ṣẹ́, bóyá ó lè lo fótò tó yà nígbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ láti fi polówó ara ẹ̀, àti ta ló ni oníbàárà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbàdúrà òmìnira fún un, kì í ṣe lẹ́yìn tí pátákó kejì bá ti gòkè ní òdìkejì títì.